Ta Ló Dé Ọmọ Ní Fìlà Nínú Ooru Yìí?

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kejì

Àná la sọ ọmọ lórúkọ. Uwais lorúkọ ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá a, torí náà ẹni tó bá ní ariwo mi lórí ọmọ yìí ti pọ̀ jù, kó lọ fi òwú dí etí ẹ̀.

Àlejò ti lọ tán, ooru ló kù. Àárọ̀ yìí ni Alàgbà Ọládiípọ̀, onílé wa, kó àwọn onípákó wọlé, wọ́n sì gé igi máńgòrò ẹ̀yìn fèrèsé wa lulẹ̀. Mo ń fún ọmọ lọ́yàn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gégi. Mo so ìró mọ́yà, mo jáde.

"Alàgbà, kí ni igi yìí fi ṣe yín?"

"Háà, Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ewé ẹ̀ ló ń dí gọ́tà."

"Ẹ má kí mi ewu. Igi yẹn ló ń ṣíji bo yàrá wa."

"Èmi ni mo gbìn ín, èmi ni mo gé e."

"Òjìji ẹ̀ ńkọ́? Inú owó ilé tí à ń san ló wà."

"Ẹ lọ mú ríṣíìtì yín wá, kẹ́ ẹ fi ibi tí mo kọ òjìji sí hàn mí."

Àwọn onípákó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní ilé ẹlòmíì ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì wa bí ẹni tó ti sanwó.

Yàrá yìí ò ní síìlì. Páànù nìkan ló wà láàárín orí ọmọ mi àti oòrùn.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kejì

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, ìyẹn Ìyá Kàmọ́rù, tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ, ń gbà á, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fi ìyẹn dín omi gbígbóná kù. Láràárọ̀ wọ́n á gbé ọmọ sórí itan, wọ́n á fi omi tó ń yọ èéfín wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi òrí ra òkè àwùjẹ̀ ẹ̀, wọ́n á nà án lápá, wọ́n á nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sókè, wọ́n á hán an. Ìyẹn ò burú, ọmọ gan-an fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni mò ń bá jà. Síńgílẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà fìlà òwú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun, tó bo etí méjèèjì. Wọ́n á wá ti fèrèsé.

"Ìyá, ooru ń mú ọmọ."

"Ooru kì í mú ìkókó. Òtútù ló ń mú ìkókó. Àwùjẹ̀ ẹ̀ ò tíì dì, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé."

"Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí?"

"Òtútù ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn."

Èmi náà ò bọ́ o. Omi gbígbóná ni mo fi ń wẹ̀, ọbẹ̀ ata ni mò ń mu, wọ́n ní kí inú mi lè mọ́. Òógùn tó ń jáde lára mi lẹ́yìn ìwẹ̀ pọ̀ ju omi tí mo fi wẹ̀ lọ.

Màmá mi ló yẹ kó wá wẹ ọmọ yìí. Ìfọ́n ni wọ́n wà, kò sì jìnnà, ìrìn ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìlú méjèèjì ti jà lórí ilẹ̀, wọn ò fẹ́ gba títì kọjá wá sí Ìlobù níbí, èmi náà ò sì lè búra fún wọn pé kò séwu. Àwọn tó ń jà lórí ilẹ̀ ò ní ìkókó nílé, ó dá mi lójú.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kejì

Iná ò sí. Àwọn oníná ní wáyà já. Wáyà wo ló já láti ọjọ́ Ẹtì tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ibi tó já sí? Tó bá jẹ́ pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà, wọn kì í ṣìnà ilé wa.

Yìnyín inú ọ̀rá kékeré tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà ti di igba. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á pé ṣé omi ló wọ́n ni àbí ọ̀rá. Ó ní, "Òtútù ẹ̀ ló wọ́n, mà."

Òtútù tí Ìyá ń lé kúrò nínú yàrá mi lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ń ra tèmi ní igba náírà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kejì

Mo fi aṣọ tútù kọ́ ojú fèrèsé. Ìyá ká a. Mo tún un kọ́. Wọ́n tún un ká.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù kejì

Aránṣọ ni mí, bí ọwọ́ mi bá ti kan ẹ̀rọ, ọgbọ́n máa ń dé. Mo lọ bá àwọn tó ń ta ìrẹsì lọ́jà, mo ra àpò òfìfo lọ́wọ́ wọn, mo tú u, mo sì rán an pọ̀ títí tó fi fẹ̀ tó yàrá. Kàmọ́rù ọkọ mi, tó ń tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé l'Óṣogbo, kàn án mọ́ igi òrùlé fún mi. Síìlì dé! Orúkọ ìrẹsì oríṣiríṣi ló wà lókè orí wa. Kàmọ́rù dùbúlẹ̀, ó ń kà á sókè bí ẹni ń ka ìròyìn. Bí èmi náà ṣe kọ́ ìwé kíkà nìyẹn, lára bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà. Kò sí tíṣà tó lè yọjú pé òun lòun kọ́ mi.

Ó dín ooru kù. Mi ò parọ́, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ sùn lọ́sàn-án, kò jí títí wọ́n fi pe ìrun.

Ìró òòlù ló mú Alàgbà Ọládiípọ̀ wá.

"Ta ló ń kan ìṣó mọ́ ilé mi?"

"Ẹ lọ mú ríṣíìtì wá, Alàgbà, kẹ́ ẹ fi ibi tẹ́ ẹ kọ ìṣó sí hàn mí."

Ó yí padà lọ. Kàmọ́rù ní ẹnu mi ló máa lé wa kúrò nílé. Mo ní ilé wo? Ààrò yìí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹta

Ooru ti yọ sí ọmọ lọ́rùn àti lábẹ́ apá, ó pupa wínníwínní. Rachael, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá iwájú, yà wá kí wa kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó wo ọrùn ọmọ, ó kúnlẹ̀ fún Ìyá dáadáa, ó ní:

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ fìlà yìí. Ẹ jẹ́ kí ara ẹ̀ gba atẹ́gùn."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "O ṣé o, ọmọ mi. Ọlọ́run á fi tìẹ náà jíǹkí ẹ, wàá fi fìlà dé e, wàá sì bọ́ ọ bó ṣe wù ẹ́."

Rachael ní "Àmín, mà," ó dìde, ó lọ. Kí ló kù tí ẹni tí ò tíì bímọ fẹ́ sọ? Àdúrà ni, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wà nínú ẹ̀.

Mo bọ́ fìlà. Mo lọ tọ̀, kí n tó padà dé, fìlà ti padà sórí.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹta

Mo pe Màmá mi ní Ìfọ́n. Mo fẹ́ kẹ́nì kan gbè mí lẹ́yìn. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún wọn: omi gbígbóná, súwẹ́tà, fèrèsé títì, aṣọ tí mo kọ́ tí wọ́n ká. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n ń ṣe "hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n," inú mi ti ń dùn.

Wọ́n wá ní, "Mobọ́lá mi, pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé fìlà wà lórí ọmọ báyìí?"

Mo pa fóònù.

Ìlobù àti Ìfọ́n tí wọn ò lè fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ilẹ̀, wọ́n ti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí fìlà.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹta

Kàmọ́rù ra fáànù tí wọ́n ń ṣáàjì bọ̀ láti Òṣogbo. Ẹni tó tà á ní á ṣiṣẹ́ láti alẹ́ mọ́jú. Ó ṣiṣẹ́ títí a fi jẹun tán. Olè lẹni tó tà á. Kàmọ́rù náà, tí kò dúró tàn án fúngbà pípẹ́ kó tó sanwó, ó bá olè ṣiṣẹ́.

Inú Ìyá dùn. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ náà mọ̀ pé ìkókó wà nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹta

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ewé kan ò mì láti àárọ̀. Mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ títí oorun fi gbé èmi gan-an lọ. Nígbà tí mo lajú, fèrèsé ti wà ní títì, Ìyá sì ń kírun ní pálọ̀. Ọmọ wà nínú súwẹ́tà, ó wà nínú ṣọ́ọ̀lù, fìlà ti há mọ́ ọn lórí. Mo fọwọ́ kàn án, ó dà bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kan ìkòkò tó wà lórí iná. Mo ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò mu ún. Mo ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò ké.

Mo figbe ta. Ìyá sáré wọlé, wọ́n di ẹsẹ̀ ọmọ mú.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù! Ṣé mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ? Òtútù ti wọ̀ ọ́ lára! Gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn wá, kí n gbómi kaná!"

Bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo gbá ọmọ mọ́yà, mo sáré jáde láìwọ bàtà. Títì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí agbada. Ọlọ́kadà kan ló gbé wa dé ilé ìwòsàn, kò tiẹ̀ bá mi ná owó ẹ̀. Ìyá gun òmíì tẹ̀ lé wa.

Rachael ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ́ ọmọ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Fìlà. Ṣọ́ọ̀lù. Súwẹ́tà. Síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ míì tún wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, ojú èmi sì ni omi ti ń jáde. Ó ṣí fèrèsé gbayawu. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọmọ lára, ó ní kí n máa fẹ́ ẹ, kí n má dúró. Ó wá fi ìka kan òkè àwùjẹ̀ ẹ̀.

"Ó ti jìn wọnú. Omi ti tán lára ẹ̀. Ẹ fún ọmú sínú síbí yìí, ká máa kán an sí i lẹ́nu."

Àwùjẹ̀ tí wọ́n ní òtútù ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni ooru ti ń fà á mu.

Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti mú un nílẹ̀ níbi tí Rachael sọ ọ́ sí. Mo wo fìlà, mo wo ojú wọn. Àwọn abiyamọ kún orí bẹ́ńṣì, gbogbo wọn ń wò wá.

Mo ní, "Ẹ fẹ́ pa ọmọ mi."

Abiyamọ kan gbá ọmọ tiẹ̀ mọ́yà. Ní ìlú wa níbí, bí ìyàwó bá sọ irú ẹ̀ sí ìyá ọkọ, kì í ṣe súwẹ́tà ni àwọn tó gbọ́ ọ máa rò. Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì sọ ọ́.

À ń kán ọmú sí ọmọ lẹ́nu. Ó pẹ́. Ó wá gbé e mì. Ó tún gbé òmíì mì. Ó wá fa ojú ro, ó ké, ó ké débi pé aláìsàn tó wà ní yàrá kejì ní "Alihamudulilai."

Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, Ìyá ti lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹta

Àwọn nọ́ọ̀sì ní ká máa lọ sílé. Ọmọ ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ìyá ti kó ẹrù wọn padà sí agbo ilé wọn lẹ́yìn ọjà. Mo gbé oúnjẹ ìṣínu fún Kàmọ́rù, ó mumi, ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí lo sọ fún ìyá mi níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn?"

"Ohun tójú mi rí ni mo sọ."

"Ṣé o mọ Dúró?"

"Ta ló ń jẹ́ Dúró?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Inú ọyẹ́ ni wọ́n bí i, kò tó ogójì ọjọ́ tó fi lọ. Wọ́n ní òtútù ni. Ìyá-àgbà, ìyá bàbá mi, ní ìyá mi ló gbàgbé láti dé e ní fìlà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti jà ni wọ́n ń sọ ọ́ fún un, títí Ìyá-àgbà fi kú."

Mo jókòó. Dúró. Ẹ gbọ́ orúkọ. Inú orúkọ gan-an ni wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, kò sì gbà.

Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi, kì í ṣe sí Ìyá mọ́.

"Bàbá Uwais, ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi? Mò ń bá fìlà jà lójú yín látọjọ́ tí mo ti bímọ. Ẹ lè sùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ ka orúkọ gbogbo àpò ìrẹsì tó wà nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ò wá lè la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí?"

Ó ní òun ò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ fìlà.

Kò mọ̀. Ẹ̀bi ẹ̀ nìyẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹta

Oòrùn òní ò lójú àánú. Alàgbà Ọládiípọ̀ mú káfíńtà wá lánàá, ó já síìlì mi lulẹ̀, ó ní ìṣó mi máa jẹ́ kí òrùlé jò. Òjò wo ló fẹ́ jò? Ẹni tó gé igi, tó tún já síìlì, tó bá lágbára kó gbé oòrùn náà kúrò. Láàárọ̀ yìí páànù ń dún páù, páù, bí ẹni ń yan àgbàdo. Mo fi aṣọ tútù nu ọmọ, kí n tó rẹ aṣọ náà sómi padà, ara ẹ̀ ti gbẹ. Mo gbé e jáde sí ìta, òjìji ò sí níta, ẹ mọ ẹni tó gé e. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ẹ̀. Ó tún ti ń gbóná.

Ibì kan ṣoṣo ló tutù tí mo mọ̀ ní Ìlobù yìí, yàrá Ìyá ni. Ilé alámọ̀ àtijọ́, ògiri ẹ̀ nípọn, wọ́n fi pákó ṣe àjà ẹ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ọmọ yánu bí ẹni fẹ́ ké, kò ké. Mo bá pọ̀n ọ́n, mo ṣí agbòòrùn.

Wọ́n wà lórí ẹní, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ààwẹ̀, mà. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Èmi ta? Ìyàwó tí mo ní tẹ́lẹ̀ ti kéde pé apààyàn ni mí. Ṣé ọmọ lo wá gbé fún apààyàn?"

"Mo wá bẹ̀ yín ni, mà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò yẹ kó jáde lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀ nípa Dúró."

Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Orúnkún ń dùn mí, ọmọ ń gbóná mọ́ mi lẹ́yìn. Mi ò sì lè parọ́ fún wọn.

"Ṣùgbọ́n fìlà yẹn ò ní dé orí ẹ̀ nínú ooru yìí mọ́, mà."

Tẹ̀sùbáà dúró. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

"Irú obìnrin wo lèyí? Orí ìkúnlẹ̀ lo tún ti ń bá mi nájà?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Gbé e wọlé kó tó yan mọ́ ẹ lẹ́yìn."

Ilẹ̀ yàrá náà tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ilẹ̀ ìdí odò. Àmù ńlá wà ní kọ̀rọ̀, ó ń làágùn fúnra ẹ̀. Mo tú ọmọ sílẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, òun àti nápí nìkan. Ó na apá, ó na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Mo fún un lọ́yàn, ó mu, ó tún mu. Ìyá ń wò ó. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n fà á padà.

"Dúró ò dé fìlà, ó lọ. Èyí dé fìlà, ó fẹ́ lọ. Kí wá ni kí n ṣe?"

Mo mú ọwọ́ wọn, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà sí ìpàkọ́ ọmọ, níbi tí Rachael fi hàn mí ní ilé ìwòsàn.

"Ibí ni kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn, Ìyá. Ẹ má tẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ tuntun máa ń purọ́. Bí ibí bá gbóná, ẹ bọ́ aṣọ. Bó bá tutù, ẹ wọ̀ ọ́ sí i."

Wọ́n fi ọwọ́ síbẹ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mà."

Fìlà wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Wọ́n fà á yọ, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n fi kọ́ ìṣó ara ògiri.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹta

A ò padà sí ilé páànù. Kàmọ́rù ló ń sùn níbẹ̀, kí òun àti onílé jọ máa yan.

Ìyá ti ń po omi tútù mọ́ omi ìwẹ̀ ọmọ. Tèmi ṣì ń hó. Mo ní ṣé a ò ní dín tèmi náà kù ni. Wọ́n ní, "Ọmọ ni mo fọ̀rọ̀ ẹ̀ gbà. Ta ló pè ẹ́ sí i?"

Ìpàkọ́ ni iṣẹ́ wọn báyìí. Wọ́n fọwọ́ kan ti Uwais tán, wọ́n á kan tèmi, ọmọ aládùúgbò tó bá kọjá, wọ́n á pè é kí wọ́n kan tiẹ̀. Àwọn ọmọdé agbo ilé ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹta

Ìtúnu ààwẹ̀. Màmá mi pè láti kí àna wọn kú ọdún. Ìyá gba fóònù, wọ́n kíra wọn títí, wọ́n kí ilé, kí ọ̀nà, kí oòrùn. Mo gbọ́ ohùn Màmá mi látinú fóònù: "Fìlà ńkọ́?"

Ìyá lanu. "Fìlà? Nínú ooru yìí? Háà! Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ṣé ẹ fẹ́ se ọmọ mi jẹ ni?"

Mo sá jáde lọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé.

Màmá mi ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí ọmọ tí ò dé fìlà. Wọn ò dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé àwọn ń bọ̀ rí, látìgbà ìjà yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kẹta

Òjò!

Ìjì ló kọ́kọ́ dé, ó kó eruku, ó kó ọ̀rá, ó kó aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. Lẹ́yìn náà yìnyín, ó ń ta lórí páànù àwọn aládùúgbò, àwọn ọmọ ń ṣà á jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń tà á ní igba náírà á mọ̀ ọ́n lára lónìí.

Kàmọ́rù pè mí. Ìjì ti ká páànù kan kúrò lórí ilé Alàgbà Ọládiípọ̀, ibi tí máńgòrò ti máa ń gba atẹ́gùn dúró gan-an. Mo ní kó bá mi bi í bóyá wọ́n kọ ìjì sínú ríṣíìtì.

Òtútù wọlé. Òtútù gidi, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn, awọ ara mi sú. Uwais sín. Ó tún sín. Mo fò dìde, mo wo ìṣó. Òfìfo.

"Ìyá, fìlà ẹ̀ dà?"

"Fìlà wo?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Òtútù ń mú ọmọ!"

Wọn ò mira. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìpàkọ́ ẹ̀, wọ́n ní, "Ooru ló ń mú un."

"Ó sín lẹ́ẹ̀mejì!"

"Mobọ́lá, ooru ni. Ṣí fèrèsé fún un, kí ara ẹ̀ gba atẹ́gùn."

Mo yíjú sí wọn. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ejìká wọn ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn, èmi náà ò lè dá a dúró mọ́. Wọ́n wá tú ìdí ìró wọn, wọ́n yọ fìlà jáde.

"Ọwọ́ mi dé ìpàkọ́ ẹ̀, ó ti tutù díẹ̀. Gbà. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o dé e. Èmi ò sí níbẹ̀ o."

Mo gbà á, mo fà á wọ̀ ọ́. Kò dé etí. Mo tún fà á, ó fò sókè, ó jókòó sí àárín orí ẹ̀ bíi fìlà arúgbó. Orí ọmọ ti tóbi jù ú.

Ìyá wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí fìlà ò dé, wọn ò gbé e kúrò.

"Èyí dúró," ni wọ́n sọ, kì í ṣe sí mi.

Òjò ń rọ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní kí n na ọwọ́ gbé òwú àti abẹ́rẹ́ ìhunṣọ fún àwọn, àwọn máa hun òmíì.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ojú ẹ̀ fẹ̀ o, Ìyá, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá."

Wọ́n ní, "O tún ti bẹ̀rẹ̀."